Ọkọ Inú Férémù

Ọjọ́ tí ọmọ ọlọ́mọ na fóònù sí Ìbíyẹmí lẹ́nu géètì Pólì Ìlaró pé kó bá àwọn ya fótò, ọjọ́ náà ló mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé ni. Nígbà kan rí, irú ọjọ́ báyìí kì í jẹ́ kí Ìbíyẹmí ráyè jẹun. Kámẹ́rà rẹ̀ pélébé aláwọ̀ fàdákà, èyí tí kò tóbi ju páálí sìgá lọ, á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi ń tẹ fótò á ti máa gbóná dè é ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó. Àwọn ọmọ Pólì á wọ gáùn dúdú, wọn á tò bíi lékeléke tí wọ́n pa láró, òun á yà wọ́n, kí wọ́n sì tó mu omi tutù kan tán, fótò ti dé. Dúró-gbà-á ni wọ́n ń pe irú fótò bẹ́ẹ̀. Ìyá Fíláàṣì sì ni gbogbo Ìlaró ń pe òun alára, nítorí bó o bá rò pé o ti sá fún un lóde, iná kámẹ́rà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bà ọ́ lójú.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó dúró títí oòrùn fi kan àtàrí, kò rí ẹni tó bi í pé èló ni. Olúkúlùkù ló so fóònù mọ́ orí ọ̀pá, tó ń bá ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń wá oògùn fún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin kan wá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó na fóònù tirẹ̀. Ó ní kí Màmá bá àwọn tẹ ibì kan báyìí, pé kí wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ ni o, fóònù náà ló mọ bí yóò ṣe ṣe ìyókù.

Ìbíyẹmí wò ó láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé òun náà ló máa bá ẹ jókòó ìdánwò?"

Àwọn ọmọ náà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá a ṣí géètì, wọ́n sì lọ.

Láti ibẹ̀ ló ti gba ọ̀dọ̀ Rájí lọ. Rájí ló máa ń kó kámẹ́rà tòkunbọ̀ wá láti Kútọnu, òun ló sì ta ti ọwọ́ Ìbíyẹmí fún un. Kámẹ́rà náà ti darúgbó. Imú rẹ̀ á yọ síta tán, kò ní fẹ́ wọlé mọ́, àfi kéèyàn gbá a nídìí bí ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Ṣùgbọ́n láti oṣù Ògún ọdún 2019 tí ìjọba ti ti bọ́dà pa, nǹkan kan kì í wọlé mọ́ láti òdìkejì, àfi atẹ́gùn ọyẹ́. Ṣọ́ọ̀bù Rájí ti wá kún fún ẹ̀pà àti okùn tí wọ́n fi ń gba ṣáàjì fóònù.

Rájí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣí bọ́dà lọ́la, kámẹ́rà kọ́ ni màá kó. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe é gan-an ti ń fi í sílẹ̀. Ta ni màá tà á fún? Ẹ̀yin nìkan?"

Ìbíyẹmí sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́, ó sì jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun, nítorí òótọ́ ni. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ti jẹ́ ti òkú. Bí bàbá kan bá fayé sílẹ̀ ní Ìlaró, àwọn ọmọ á wá fótò kékeré kan rí nínú àpótí, wọn á gbé e wá. Ìbíyẹmí á sọ ọ́ di ńlá, á yọ ògiri tàbí ewúrẹ́ tó bá wà lẹ́yìn bàbá náà kúrò, á gbé ojú ọ̀run aláwọ̀ òféfèé pẹ̀lú ìkúùkù funfun síbẹ̀, á fi férémù dúdú kàn án. Àwọn alààyè ń fi fóònù ya ara wọn. Òkú nìkan ló ṣẹ́kù fún Ìyá Fíláàṣì. Ó sì ti bá ara rẹ̀ ṣe àdéhùn pé bí ọyẹ́ yìí bá fi lè kọjá tí alààyè kan kò gbé iṣẹ́ wá, òun á ta ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò náà, òun á sì gba Ìbẹ̀sẹ̀ lọ máa ta búrẹ́dì fún àwọn awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì. Èèyàn kò gbọdọ̀ máa ti ara òkú nìkan jẹun, àfi bó bá jẹ́ igúnnugún.

Inú ìrònú yìí ló wà nígbà tí Edith wọlé.

Edith, tíṣà ni ní Tube, lẹ́bàá bọ́dà. Òun àti Ìbíyẹmí ti jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ láti ìgbà ọmọge, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wọn. Ó jókòó, ó ní ọ̀rọ̀ Tèmilọlá ọmọ òun ni. Ọmọ Agosasa ni Dayọ̀ tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Àjàṣẹ́ ní òdìkejì bọ́dà ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìdána síwájú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rò pé bọ́dà á ti ṣí. Kò ṣí. Dayọ̀ gbìyànjú àtiwọlé, àwọn sójà dá a padà. Lóòótọ́, kò sí ọmọ Tube tí kò mọ ọ̀nà inú igbó, ṣùgbọ́n Edith ti fárígá.

Ó ní, "Ọkọ ọmọ mi kì í ṣe ìrẹsì. Kò ní gba ọ̀nà fàyàwọ́ wọlé mi."

Ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tí ọkọ wọn wà ní Ìlú Ọba ni wọ́n fẹ́ ṣe: kí wọ́n gbé fótò ọkọ sórí àga, kí ìyàwó jókòó tì í. Edith mi orí. Ó ní ta ló lè rò pé Àjàṣẹ́, níbi tí èèyàn ti lè jẹun àárọ̀ ní Tube kó sì lọ jẹ tọ̀sán, á di Ìlú Ọba mọ́ àwọn lọ́wọ́. Tèmilọlá ní fóònù ni kí wọ́n gbé sórí àga, kí Dayọ̀ máa wo gbogbo wọn nínú fídíò kọ́ọ̀lù. Edith kò gbà. Wọn kì í jẹ́ kí epo bẹntiróòlù dé apá ọ̀dọ̀ wọn mọ́, jẹnẹrétọ̀ ń sùn bí aláboyún. Bí ṣáàjì bá wá tán lójijì, tí ojú ọkọ ṣú biribiri lórí àga níwájú àwọn àna ńkọ́? Fótò orí pépà ni òun fẹ́. Kó tóbi. Kí àwọn ọmọ ọmọ òun rí i.

Ìbíyẹmí kò jẹ́ kí ayọ̀ inú rẹ̀ hàn lójú. Alààyè ni. Ọkọ ìyàwó tó ń mí!

Ó ní kí Tèmilọlá fi àwọn fótò tó bá ní ránṣẹ́. Ọmọ náà fi wọ́n ránṣẹ́ lóòótọ́. Nínú ọ̀kan, Dayọ̀ ní etí ajá. Nínú òmíràn, ìdajì orí rẹ̀ ni ó wọlé. Èyí tó dára díẹ̀, nígbà tí Ìbíyẹmí fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, ṣe ló dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọn kò tíì rẹ́. Ó bá ránṣẹ́ sí Dayọ̀ pé kó wọ léèsì funfun, kó dúró ṣánṣán, kó wo iwájú, kí ẹnìkan yà á láti orí dé ẹsẹ̀. Dayọ̀ ṣe bí wọ́n ti wí. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ka ẹ̀sùn rẹ̀ sí etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Táńkì omi kan wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò ẹnìkan tí wọ́n sá sórí okùn.

Ìbíyẹmí jókòó ti iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Ó ń kọrin bó ti ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà, kò dúró bi orí léèrè. Ó yọ táńkì, ó yọ ṣòkòtò, ó gbé nǹkan tó mọ́ tónítóní sẹ́yìn Dayọ̀, ó mú férémù tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó fi aṣọ wé e, ó gun ọ̀kadà, ó di Tube, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ìdána wáyé.

Lójú ọ̀nà, ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan dá wọn dúró, ó ní kó tú ẹrù rẹ̀. Ìbíyẹmí ṣí aṣọ náà díẹ̀. Ọkùnrin náà wo inú rẹ̀, ó ṣí fìlà, ó fà sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra, Màmá."

Ìbíyẹmí rò pé nítorí kòtò ojú ọ̀nà ló ṣe ń bá òun kẹ́dùn. Ó ní, "Ẹ bá wa sọ fún ìjọba o," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ wú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà, kò tíì sí ẹni tí wọ́n ṣí fìlà fún lójú ọ̀nà yẹn.

Nígbà tó dé ilé Edith, àlejò kan wà ní pálọ̀: Ìyá Lábísí, ẹ̀gbọ́n bàbá Dayọ̀, tó wá láti Agosasa láti wá wo bí ètò ṣe ń lọ. Àgbàlagbà obìnrin ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó bá fi sí, ibẹ̀ ló máa ń wà. Edith pe Tèmilọlá jáde. Ìbíyẹmí gbé ẹrù rẹ̀ lé orí àga, ó fa aṣọ náà kúrò.



Ìyá Lábísí tẹ̀ síwájú. Ó wo ọmọ àbúrò rẹ̀ nínú léèsì funfun, tó dúró gbọin, tí kò rẹ́rìn-ín, tí ojú ọ̀run aláwọ̀ òféfèé àti ìkúùkù funfun yí i ká nínú férémù dúdú. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi Edith léèrè wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń béèrè omi:

"Ìgbà wo ló kú?"

Nígbà yẹn ni ojú Ìbíyẹmí tó là. Ó rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe. Ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù yé e. Tèmilọlá ti bú sẹ́kún, ó sáré wọ yàrá. Edith tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo férémù náà.

Ó ní, "Ìbíyẹmí, ọkọ ìyàwó ni mo ní kí o yà. O sin ín."

Ìyá Lábísí ní òun kò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n òun kò lè jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan yìí sáàárín ìdílé àwọn. Ó sàn kí wọ́n sún ìdána síwájú títí bọ́dà á fi ṣí. Gbogbo wọn sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ náà. Láti inú yàrá, Tèmilọlá fi ẹkún sọ pé òun ṣáà ti ní kí wọ́n lo fóònù. Edith wo àga náà. Ó jọ pé ó ti fẹ́ gbà.

Ìbíyẹmí mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gbé fóònù sórí àga yẹn, ó parí. Búrẹ́dì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Lábísí. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìrọ̀lẹ́ yìí péré. Ó wọ inú yàrá lọ bá Tèmilọlá, ó sì fi ẹnu tó ti fi ń bú fóònù láti ọdún yìí wá tọrọ fóònù.

Ó ní, "Tèmi, má sunkún mọ́. Pe ọkọ ẹ fún mi."

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé ni nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dára jù ní ilé Edith. Ti òdìkejì gan-an ló ń wọlé síbẹ̀. Fóònù Tube kò mọ̀ pé wọ́n ti ti bọ́dà pa. Dayọ̀ yọ lójú fóònù, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, nítorí Tèmilọlá ti ròyìn fún un pé wọ́n ti sọ ọ́ di olóògbé. Ìbíyẹmí ní kó jáde kúrò nínú yàrá, kó wọ aṣọ tó ní àwọ̀, kó wá ẹni tó ní fóònù tó dára, kí ó sì gbé tirẹ̀ ti nǹkan kan kí òun lè máa wò wọ́n. Gbọ́lá, tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló wá. Àgbàlá iléèwé wọn tẹ́ lọ lẹ́yìn wọn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ rọra ń tàn sí i.

Ìbíyẹmí kò lọ́wọ́ níbẹ̀. Kò ní kámẹ́rà, kò ní fíláàṣì. Ojú ló ní, àti ẹnu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ya fótò.

Ó ní kí Gbọ́lá kọ ẹ̀yìn sí oòrùn. Ó ní kó má gbé fóònù ga bí ẹni tó fẹ́ ká ọsàn, kó bẹ̀rẹ̀ kó bá Dayọ̀ dọ́gba. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì iléèwé kan wá. Dayọ̀ jókòó sáàárín bẹ́ǹṣì náà, ó tún ṣe ọwọ́ méjèèjì gbọin lórí orúnkún.

"Kúrò láàárín," ni Ìbíyẹmí wí. "Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Sún sí i. Títí dé etí bẹ́ǹṣì."

Dayọ̀ sún. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Mà, àyè tó ṣófo lọ́dọ̀ mi ti pọ̀ jù."

"Ta lo rò pé ó máa jókòó síbẹ̀? Èmi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dayọ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín fótò, ẹ̀rín ẹni tí kò múra sílẹ̀ ni; ó gbé orí sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ sórí àyè tó ṣófo náà, ojú rẹ̀ sì yí síbẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ wí nǹkan fún un níbẹ̀. Ìbíyẹmí lọgun pé kí Gbọ́lá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Gbọ́lá ti tẹ̀ ẹ́.

Tèmilọlá ló sọ fún wọn bí wọn yóò ṣe fi í ránṣẹ́. Ó ní bí wọ́n bá fi í gba Wásáàpù bí fótò, yóò fún un pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fọ̀, yóò tún di ògiri búlọ́ọ̀kù. Bí dọ́kúmẹ́ǹtì ni kí wọ́n fi í ránṣẹ́. Ìbíyẹmí kò mọ ìyẹn. Ó kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ ẹ́ ní Ìlaró. Kò fọwọ́ kan àgbàlá iléèwé náà, kò fọwọ́ kan ewé tó jábọ́ sílẹ̀, kò tilẹ̀ yọ adìyẹ tó ń kọjá lọ lẹ́yìn. Òkú kì í ní adìyẹ lẹ́yìn. Nígbà tó kan férémù, ó gbé dúdú jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí káfíńtà kan bá òun gé igi pupa.

Ọjọ́ ìdána pé. Wọ́n gbé férémù náà sórí àga, wọ́n gbé àga Tèmilọlá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Nígbà tó jókòó, ṣe ló dà bí ẹni pé ọwọ́ Dayọ̀ ti ń dúró dè é láti àárọ̀. Edith yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tún gèlè tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ìyá Lábísí ni gbogbo wọn ń wò. Ó dìde láàárín àwọn ará Agosasa, ó rọra rìn dé iwájú fótò náà, ó fi ọwọ́ dí ìbàdí. Ìbíyẹmí dúró lẹ́yìn àga.

Ìyá Lábísí ní, "Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín? Ìwọ tí àna rẹ jókòó síbí. Dọ̀bálẹ̀."

Ariwo ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó na gbalaja sílẹ̀, méjì nínú wọn di férémù náà mú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀ kí Dayọ̀ lè kí àwọn àna rẹ̀. Nígbà tó kan kí ìyàwó dé ọkọ ní fìlà, Tèmilọlá fi fìlà náà kọ́ etí férémù, ó gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí Dayọ̀ ṣe máa ń dé e.

Fóònù pọ̀ lọ́jọ́ náà ju orí èèyàn lọ. Olúkúlùkù ń yà, wọ́n ń bo ara wọn lójú, wọ́n ń ti ara wọn. Ìbíyẹmí kò lè gbà á mọ́ra. Ó gun àpótí kan, ó ní kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga kọjá sẹ́yìn, kí ẹni tó dúró lójú fèrèsé kúrò níbẹ̀ kó má di òjìji, kí ẹ̀yin ìyàwó ilé Agosasa jókòó sílẹ̀ níwájú. Wọ́n ń ṣe bó ti wí. Kò sí ẹni tó bi í léèrè pé kámẹ́rà rẹ̀ dà.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Dayọ̀ fi pè é lórí fídíò kọ́ọ̀lù ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ́kọ́ dúpẹ́, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní Gbọ́lá ti fi fótò náà han àwọn èèyàn ní Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yewa ló há sí òdìkejì bíi tòun, tí àwọn ìyá wọn wà ní Agosasa, ní Ìlaró, ní Ayétòrò, tí wọn kò tíì rí wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà. Àwọn ìyá náà kò ní fóònù tó ń fi ojú èèyàn hàn; bí wọ́n tilẹ̀ ní in, wọ́n ní ohun tí àwọn lè gbé kọ́ ògiri ni àwọn fẹ́. Ṣé Màmá lè bá wọn yà á báyẹn? Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ìlaró, kí wọ́n gbé e délé fún àwọn ìyá wọn?

Ìbíyẹmí béèrè pé èèyàn mélòó ni. Dayọ̀ yí fóònù sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn èèyàn ti tò sí àgbàlá iléèwé, lọ́kùnrin, lóbìnrin, àwọn kan ti wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi.

Ìbíyẹmí ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí òfuurufú wọlé. Ó ránṣẹ́ sí Rájí pé kó pa ẹ̀pà tì, kó lọ bá òun wá pépà fótò ní Èkó, kó má mú díẹ̀ wá. Ó gbé fóònù ti ẹ̀rọ ìtẹ̀fótò, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹni àkọ́kọ́ jáde, obìnrin kan tó ń ta aṣọ lọ́jà Àjàṣẹ́. Èdè ọmọ Ayétòrò hàn lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró gbọin, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wo iwájú.

"Orúkọ ìyá ẹ?" ni Ìbíyẹmí bi í.

Obìnrin náà sọ ọ́.

"Ó dáa. Tú ọwọ́ ẹ sílẹ̀, ìyá ẹ ló fẹ́ rí ẹ, kì í ṣe ọlọ́pàá. Wá sọ fún mi: kí ni ìyá ẹ máa ń sọ tó bá ń bínú sí ẹ?"